Bí AC Ọkọ̀ Bá Ń Fẹ́ Ooru: Ìtọ́nà fún Onímọ́tò Àgọ́ Palace

Láti oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Igbe ni ooru máa ń mú jù l'Ékòó. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká mọ́ àárín Celé sí Àgọ́ Palace lásìkò yìí, tí AC ọkọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ ooru sí i lójú, kò ní pe AC ní ohun afẹ́ lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníṣẹ́ AC ni pé, "Ẹ bá mi fi gáàsì sí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kó owó wa lọ. Gáàsì AC kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tí a dí pa ló wà, ibẹ̀ náà ló ń yí ká. Bó bá dín kù débi pé AC kò tutù mọ́, ó jò ni.

Bí AC ṣe ń ṣiṣẹ́

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á ki gáàsì pọ̀ títí á fi gbóná, á sì tì í lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Atẹ́gùn àti fáànù á gba ooru ara rẹ̀, gáàsì á di olómi. Olómi yìí á gba ojú ihò kékeré kan kọjá sínú páìpù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, ibẹ̀ ni yóò ti tutù, tí fáànù inú ọkọ̀ á sì fẹ́ òtútù náà sí wa. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àìsàn; omi inú afẹ́fẹ́ ni.

R-12 ni gáàsì tí ọkọ̀ àtijọ́ ń lò. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni R-134a gba ipò rẹ̀, R-1234yf sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. Bébà tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì máa ń sọ èyí tí ọkọ̀ yín ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀.

Àmì àti ohun tó ń fà á

1. Ó tutù bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó gbóná bí ọkọ̀ bá dúró nínú gò-síló: ẹ yẹ fáànù iwájú wò, kí ẹ sì wò ó bóyá eruku ti dí kọ̀ńdẹ́ńsà.
2. Ẹ tan AC, ẹ kò gbọ́ kí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ró "kàà": ó lè jẹ́ fíúùsì, rilé tàbí wáyà. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti kéré débi tí ṣíwíìṣì ìdáàbòbò fi pa á.
3. Ó tutù díẹ̀, ó gbóná, ó tún tutù: omi lè ti wọ inú páìpù, kó máa di yìnyín níbi ihò kékeré náà.
4. Atẹ́gùn kò lágbára: fílítà inú ọkọ̀ ti kún fún eruku, tàbí fáànù inú ti rẹ̀.
5. Páìpù tó nípọn tutù lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ooru ló ń fẹ́ jáde: ilẹ̀kùn kékeré tó ń pín ooru àti òtútù lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù ti há.
6. Òróró tó gbá eruku mọ́ra lójú ìsopọ̀ páìpù: ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò.

Bí àtúnṣe ṣe yẹ kó lọ

Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi géèjì wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru Èkó, ojú kékeré (ìhà tí agbára gáàsì ti kéré) máa ń wà láàárín nǹkan bí 30 sí 50 psi, ojú ńlá (ìhà tí agbára rẹ̀ ti ga) láàárín 200 sí 275, bí ọkọ̀ bá ṣe rí. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì ti jò. Bí méjèèjì bá ga jù, gáàsì ti pọ̀ jù tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà kò rí atẹ́gùn. Bí ojú kékeré bá ga tí ojú ńlá sì wálẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló rẹ̀.

Bó bá ń jò, kí ó fi náítírójìn àti omi ọṣẹ wá ojú ibẹ̀, kó sì dí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ìgbà náà ló tó wọn gáàsì sí i lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ń fi gáàsì sí páìpù tó ń jò, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tòkúnbọ̀ l'Ọ́jà Ládìípọ̀ ní Mushin, kó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ kó tó sanwó. Kó má há, kó má sì dún. Bí òróró inú rẹ̀ bá dúdú tàbí tó ní ẹrún irin, kó fi í sílẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá fọ́ sínú páìpù, ẹ fọ gbogbo páìpù, kí ẹ sì pààrọ̀ díráyà tó ń fa ọ̀rinrin inú páìpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tuntun náà yóò kú.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi gáàsì ìdáná sí AC. Iná lè sọ. Ẹ má sì fi ojú lásán súnmọ́ páìpù tí wọ́n ń tú: ní ìwọ̀n -26°C ni R-134a ń hó, ó lè ba ojú jẹ́.

Ìtọ́jú láti oṣù dé oṣù

Ṣẹ́rẹ́: eruku ọyẹ́ pọ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà inú ọkọ̀, kí ẹ sì rọra fi omi fọ kọ̀ńdẹ́ńsà.
Èrèlé: ẹ dán AC wò bí ooru bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀.
Okúdù: òjò ń rọ̀, AC máa ń nu ìkùukùu ojú gíláàsì. Bí omi bá bo ọ̀nà ní Òkòtà, ẹ pa AC kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, kí fáànù má baà na omi.
Ògún: bó ti wù kí ojú ọjọ́ tutù tó, ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí òróró lè dé ara kọ̀ńpúrẹ́sọ̀.
Ọwẹ́wẹ̀: ọjọ́ 16 oṣù yìí, ọdún 1987, ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal tó lé R-12 kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó ń ba ìpele ósóònù jẹ́. R-134a kì í ba ósóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá kún gbígbóná ayé. Kò dára ká tú u dànù sójú afẹ́fẹ́.
Ọ̀pẹ: ẹ yẹ bẹ́líìtì wò kí ẹ tó gbọ̀nà ilé fún ọdún.

Nígbà tó bá tún di pé AC yín ń fẹ́ ooru, ẹ bi oníṣẹ́ yín ní ìbéèrè kan kó tó gbé sìlíńdà: "Gáàsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbo ló gbà jáde?" Bí kò bá lè fi ojú ibẹ̀ hàn yín, ẹ má tíì sanwó gáàsì.