Alágbàtà Ilẹ̀ Tó La Oníbàárà Lójú, Òun Ni Oníbàárà Ń Wá Kiri!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lówó là ń ra èké. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìyànà Ọ̀fà fún yín. Níbẹ̀ ni mo ti rí òtítọ́ tó ń tà wàràwàrà!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan wà tí mò ń pè ní Àǹtí. Ata àti tòmátì ló ń tà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi dá àjọ kó lè kúrò nínú ilé háyà. Lọ́jọ́ kan, ó rí pátákó gàgàrà kan lẹ́bàá títì. Wọ́n ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mèremère sí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lọ̀gá, àwọn làgbà, kò sẹ́ni tó lè bá àwọn dọ́gba nídìí títa ilẹ̀. Nígbà tí Àǹtí dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé omi tútù fún un, wọ́n ń pè é ní Mọ́mì. Ó sanwó, wọ́n fún un ní rìsíìtì aláràbarà.

Ọjọ́ tó ní kí wọ́n já yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ ni àwọn aládùúgbò sọ fún un pé, "Ìyá, ìjọba ti gba ilẹ̀ yìí tipẹ́." Háà! Àǹtí sáré padà síbi tó ti sanwó. Pátákó ṣì wà níbẹ̀ o, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Irú wọn ló pọ̀. Ẹ ṣáà wo ara ògiri kiri ìgboro Ìbàdàn, ẹ ó rí ibi tí onílé ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé òun kì í ṣe títà, nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń ta ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ Àǹtí tún dá owó jọ fún un, ẹ̀rù ló ń bà á. Káfíńtà kan ládùúgbò wa ló ní, "Ẹ lọ bá bàbá kan ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ má mú owó dání o. Ẹ kàn lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Àǹtí ṣe wọ ọkọ̀ ọ̀nà Ìwó.

Ẹni tó bá mọ Ìyànà Ọ̀fà mọ̀ pé ibẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú wà. Orúkọ Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó ni wọ́n fi pè é. Ilẹ̀ oko ló pọ̀ lágbègbè náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ń fẹ̀ bọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ilẹ̀ oko bá sì ti ń di ilẹ̀ ilé, agẹ́ǹtì á pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni bàbá yìí ń lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà. Kò sí pátákó gàgàrà, kò sí àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Páálí kan ló gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kí o tó sanwó ilẹ̀, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ mi, béèrè nǹkan márùn-ún." A jókòó. Kò bi wá léye owó tó wà lọ́wọ́ wa. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bí olùkọ́ nínú kíláàsì.

Èkíní, ta ló ni ilẹ̀? Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn àgbà tó dúró fún ojúlé kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí àwọn yòókù bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, lójú òfin, wọn kò tà nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí ilé ẹjọ́ tú ọjà náà ká.

Èkejì, ṣé ìjọba kò tíì gba ilẹ̀ náà? Má gbára lé ìwé tí ẹni tó ń tà á kó wá nìkan. Mú wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ tìrẹ tó ní ìwé àṣẹ dání, kí ó wọn igun ilẹ̀, kí wọ́n bá ọ yẹ iye tó wọ̀n wò lórí máàpù ìjọba ní ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn wọnlẹ̀-wọnlẹ̀, ní Sẹkitéríàtì ní Agodi. Bàbá ní pàápàá láyé tí ìjọba ń la ọ̀nà àyíká Ìbàdàn, tó jẹ́ 110 kìlómítà, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí Àǹtí ti ṣubú gan-an nìyẹn. Mo rí i tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta, báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó? Pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá wọn 40 sí 80 fún ọ, tó pè é ní pulọ́ọ̀tì kan, ó ti mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ohun tí o sanwó rẹ̀. Mú téèpù dání!

Ẹ̀kẹrin, owó wo ló tún kù lẹ́yìn owó ilẹ̀? Owó fáńdéṣọ̀n, owó òrùlé, owó ọmọ onílẹ̀ lóríṣiríṣi. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó san kọ́bọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé wo ni wọn yóò fún ọ? Rìsíìtì nìkan kò tó. Lọ́yà ló yẹ kó kọ ìwé àdéhùn. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti dé, gómìnà ni òfin fi ṣe alámòójútó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò tán síbi ìwé tí ẹbí fún ọ.

Bí a ṣe ń gbọ́ èyí lọ́wọ́ ni bíríkìlà kan wọlé pẹ̀lú owó nínú àpò. Ó ti rí ilẹ̀ kan tó wù ú, ó fẹ́ san án lọ́jọ́ náà. Bàbá wò ó, ó ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀ yẹn, akurọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fi rí i. Ẹ padà wá wò ó nínú oṣù keje, bí omi kò bá dá dúró níbẹ̀, ẹ wá sanwó." Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kò lé owó jáde báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo lé e jáde. Àwọn mìíràn á gbọ́ ẹ̀kọ́ mi tán, wọ́n á lọ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó dínwó. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ló rán yín wá?"

Mo ní káfíńtà ni.

"Kò ra ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi. Ibòmíràn ló ti rà á. Ìbéèrè ara páálí yìí ló fi rà á."

Ẹnu yà mí! Ẹni tí kò fún un ní kọ́bọ̀ ló ń polówó rẹ̀ kiri àdúgbò. Ó tún ní ọmọ òun a máa fi ohùn ka àwọn ìbéèrè náà sórí WhatsApp, nítorí àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láyé o. Ní ọdún 1900, ilé iṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń ṣe táyà, tẹ ìwé kékeré kan ní ẹ̀dà 35,000, wọ́n sì ń pín in fún àwọn onímọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò fi ìwé náà máa yin táyà ṣáá. Ibi tí èèyàn ti lè tún mọ́tò ṣe, tó ti lè jẹun, tó ti lè sùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Bí ènìyàn bá ṣe ń rin ìrìn àjò sí, bẹ́ẹ̀ ni táyà rẹ̀ ń jẹ, ta ló sì máa rántí nígbà tó bá fẹ́ ra òmíràn? Ẹ dá ara yín lóhùn.

Ẹ̀yin alágbàtà ilẹ̀ tó ń ka èyí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Owó tí ẹ ń ná lórí pátákó láti yin ara yín, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ la oníbàárà lójú. Ẹni tó ń bẹ̀rù jìbìtì kò wá ọ̀gá, ẹni tí yóò mú ẹ̀rù náà kúrò ló ń wá. Ẹ̀yin aláṣọ náà, ẹni tí ẹ bá sọ fún pé aṣọ yìí máa ń ṣí, kó má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, yóò padà wá. Mẹkáníìkì tó bá fi ohun tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ han ọlọ́kọ̀, kò ní jókòó lásán.

Ní ti Àǹtí mi, kò tíì ra ilẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ tiwa ti wọn ilẹ̀ kan, èsì Agodi la ń retí. Bàbá Ìyànà Ọ̀fà kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti rán obìnrin méjì láti ìsọ̀ ata sí i, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má mú owó dání, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tí agẹ́ǹtì ti rẹ́ jẹ, àti ẹni tí agẹ́ǹtì ti là lójú, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹlòmíràn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.