Kí ni orúkọ àìsàn ọmọ yìí?

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí ó ń ké nítorí egungun ń ro ó. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní àbíkú ni: ẹni tí a bí láti kú. Wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́. Àwọn mìíràn á fi abẹ kọ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ọmọ wọ̀nyí, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe wọ́n.

Ilé ìwòsàn ń pè é ní drépanocytose. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Dòjé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó dára rí roboto. Ti ọmọ yìí ń tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dí iṣan, ó sì ń tètè bàjẹ́.

Kì í ràn. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Bí bàbá bá ní S kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí ìyá náà ní S kan, ara àwọn méjèèjì lè le. Ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu pé ọmọ yóò ní àìsàn náà jẹ́ 1 nínú 4.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn Tchamba tàbí Sokodé nípa àyẹ̀wò tí à ń pè ní électrophorèse. Ó dára kí ẹ ṣe é kí ẹ tó fẹ́ ara yín.

Ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, ẹ fún un ní omi dáadáa. Ẹ jẹ́ kó sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

A kò bí i láti kú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dàgbà.