Ìtọ́ka Arọ́pò-Orúkọ àti Ìbáramu Ẹyọ òun Ọ̀pọ̀ nínú Ìdánwò Gírámà Gẹ̀ẹ́sì: Àyẹ̀wò fún Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ Ọmọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ìdí tí ìbéèrè lórí ìtọ́ka arọ́pò-orúkọ àti ìbáramu ẹyọ òun ọ̀pọ̀ fi ń kó ìṣòro bá akẹ́kọ̀ọ́ tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Ó fi gírámà èdè méjèèjì wé ara wọn, ó sì lo ẹ̀ka èdè agbègbè Òde-Omi àti Ìjẹ̀bú láti fi hàn pé kì í ṣe àṣìṣe kan náà ni gbogbo ọmọ Yorùbá ń gbé wá láti ilé. Ó tún tọ́ka sí i pé nígbà mìíràn, ara ìbéèrè gan-an ni àbùkù máa ń wà, kì í ṣe lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti fún ẹni tó ń ṣètò ìbéèrè ló fi kádìí.

1. Ìfáàrà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba kírẹ́díìtì nínú rẹ̀, yálà nínú ìdánwò WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tàbí ti NECO tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ìdánwò JAMB, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, náà sọ Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sí i. Nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí, ìbéèrè tó ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí arọ́pò-orúkọ tó bá olùwà mu kì í sábà ṣàìwáyé.

Máàkì tó wà lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n máàkì kékeré ló sábà máa ń ya ẹni tó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń padà lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ kàn fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe kí ó sì kọjá. Ó yẹ kí ó mọ orísun rẹ̀.

2. Ẹyọ àti ọ̀pọ̀ nínú èdè méjèèjì

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye. "Apẹja dé" lè jẹ́ apẹja kan, ó sì lè jẹ́ ogún. Bí ó bá pọn dandan láti fi ọ̀pọ̀ hàn, "àwọn" wà fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dárúkọ iye náà tó o ṣe: "àwọn apẹja dé", "apẹja mẹ́ta dé". Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe "dé" kò yẹsẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Èdè náà ń fi iye hàn lára ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì tún ń fi í hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá jẹ́ ti ìsinsìnyí:

(i) The boat leaves at dawn.
(ii) The boats leave at dawn.

Ohun tó mú un le ni pé lẹ́tà "s" kan náà ń ṣe iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn. Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀pọ̀ ló ń fi hàn. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé "s" ló ń sọ nǹkan di púpọ̀ yóò kọ "The boats leaves" pẹ̀lú ìdánilójú, nítorí ó ti fi òfin tó mọ̀ sílò dé ibi tí òfin náà kò dé.

Ìṣòro kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tó ń so orúkọ pọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

(iii) The headmaster, as well as his teachers, is in the boat.

Ọmọ Yorùbá yóò túmọ̀ rẹ̀ sí "Ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀", tàbí kí ó lo "pẹ̀lú" dípò "àti". Nínú Yorùbá, méjèèjì lè so orúkọ méjì pọ̀ di olùwà kan ṣoṣo. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, "and" ló ń ṣe irú ìsopọ̀ tó ń sọ olùwà di ọ̀pọ̀. "As well as", "together with" àti "along with" kàn ń fi àfikún sí ẹ̀gbẹ́ olùwà ni, olùwà náà sì wà ní ẹyọ rẹ̀. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ yan "are".

Bákan náà ni "everybody". Ìtumọ̀ tó sábà máa ń wá sọ́kàn ni "gbogbo ènìyàn", ọ̀pọ̀ sì ni ìyẹn: "Gbogbo ènìyàn ti san owó ọkọ̀ wọn." Kò yani lẹ́nu nígbà náà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "Everybody have paid". Bí olùkọ́ bá fi "olúkúlùkù" tàbí "ẹnì kọ̀ọ̀kan" túmọ̀ rẹ̀, ẹyọ inú rẹ̀ yóò hàn kedere: "Kí olúkúlùkù san owó ọkọ̀ rẹ̀." Yorùbá ti ní ohun èlò tí yóò fi yé ọmọ, olùkọ́ ni yóò yàn án.

3. Ibi tí "ó" àti "wọ́n" ti ń ṣini lọ́nà

Àwọn arọ́pò-orúkọ Yorùbá mọ ẹyọ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀: "mo, o, ó" wà fún ẹyọ, "a, ẹ, wọ́n" sì wà fún ọ̀pọ̀. Síbẹ̀, ìlò wọn kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu ní ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán.

Èkíní ni ọ̀wọ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "wọ́n" ni a fi ń rọ́pò orúkọ àgbà kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá sọ nílé pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun" lè lọ kọ nílé-ìwé pé "Father has come, they are eating." Ìwà ọmọlúàbí ló mú "they" wá, kì í ṣe àìmọ̀-ọ̀n-kà.

Èkejì ni akọ àti abo. "Ó" àti "rẹ̀" kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkùnrin, obìnrin àti ohun aláìlẹ́mìí. Ibẹ̀ ni irú gbólóhùn bíi "My mother and his friends" ti ń wá.

Ẹ̀kẹta ni "wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó. "Wọ́n ti jí ọkọ̀ Adé" kò sọ pé olè náà ju ẹyọ kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì ìwé yóò sábà sọ ọ́ báyìí: "Ade's canoe has been stolen."

Ẹ̀kẹrin, tí ìwé gírámà ilé-ìwé kì í sábà mẹ́nu bà, ni "ó" tó ń tẹ̀ lé "tí" àti "ni". Nínú "ọmọ tí ó wá" àti "àwọn ọmọ tí ó wá", "ó" kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú "Èmi ni ó ṣe é" àti "Ẹ̀yin ni ó ṣe é". "Ó" yìí kò bá iye tàbí ipò ẹni mu rárá. Ẹni tó ti mọ́ lára láti kékeré pé kò sí ohun tó ń yí padà níbẹ̀ kò ní fura nígbà tó bá bá irú gbólóhùn yìí pàdé:

(iv) One of the fishermen who live here has lost his net.

Ìbáramu méjì ló wà nínú rẹ̀. "Live" bá "fishermen" mu nítorí pé àwọn apẹja ni awẹ́-gbólóhùn "who live here" ń ṣàlàyé. "Has" àti "his" bá "one" mu nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló sọ àwọ̀n nù.

4. Ẹ̀rí láti Òde-Omi àti Ìjẹ̀bú

Ọ̀pọ̀ ìwé tó fi Yorùbá wé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni Yorùbá. Abíọ́dún Adétùgbọ́, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Columbia ní 1967, pín ẹ̀ka èdè Yorùbá sí agbègbè ńláńlá. Agbègbè gúúsù ìlà-oòrùn ni Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ bọ́ sí. Nítorí náà, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí omi bíi Òde-Omi ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àmì agbègbè yìí ni pé ìyàtọ̀ ti parẹ́ láàárín arọ́pò-orúkọ ẹni kejì ọ̀pọ̀ àti ti ẹni kẹta ọ̀pọ̀. "Àn án wá" lè túmọ̀ sí "ẹ wá", ó sì lè túmọ̀ sí "wọ́n wá". Bákan náà, lílo ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ kò gbilẹ̀ nínú àwọn ẹ̀ka èdè wọ̀nyí bí ó ti gbilẹ̀ ní apá Ọ̀yọ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ètò mẹ́ta ni ọmọ Òde-Omi ń kó pọ̀ sórí kan. Ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀ da ẹni kejì ọ̀pọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni kẹta ọ̀pọ̀. Yorùbá ilé-ìwé yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹyọ. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó da ẹni kejì ẹyọ pọ̀ mọ́ ẹni kejì ọ̀pọ̀ nínú "you". Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ "Father… they", ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Yorùbá ilé-ìwé ló ti kọ́ ọ, kí ó má jẹ́ ti ilé rẹ̀. Olùkọ́ṣẹ́ tó ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn wá kọ́ni ní etí omi kò gbọdọ̀ rò pé ohun tó ń da ọmọ àdúgbò òun láàmú ni yóò da ọmọ ibẹ̀ náà láàmú.

5. "Òun" àti "ó": ohun tí Yorùbá ní tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Yorùbá ń jẹ́ gbèsè nínú ìfiwéra yìí. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

(v) Adé sọ fún Kọ́lá pé ọkọ̀ òun ń jò.
(vi) Adé sọ fún Kọ́lá pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jò.

Nínú (v), Adé ló ni ọkọ̀. Nínú (vi), Kọ́lá tàbí ẹlòmíràn ló ni ín. "Òun", tí wọ́n ń pè ní arọ́pò-afarajorúkọ, tí Awóbùlúyì sì kà mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú ìwé rẹ̀ Essentials of Yoruba Grammar (1978), ló la ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì:

(vii) Ade told Kola that his canoe was leaking.

Ìbéèrè tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí àbùkù (vii) ń béèrè pé kí ó rí pọ́nna tó wà nínú "his". Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti (v) àti (vi), kíákíá ni ọmọ yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn, bíi kí a tún orúkọ sọ tàbí kí a lo ọ̀rọ̀ ẹnu: Ade said to Kola, "Your canoe is leaking."

6. Nígbà tí àbùkù bá wà lára ìbéèrè

Ní oṣù kẹwàá 2002, ìbéèrè kan jáde nínú ìdánwò PSAT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Toni Morrison's genius enables her". Ìdáhùn tí àwọn aṣètò gbé kalẹ̀ ni pé kò sí àṣìṣe nínú gbólóhùn náà. Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland kò gbà. Ó ní òfin kan wà nínú àwọn ìwé atọ́nà pé arọ́pò-orúkọ kò gbọdọ̀ tọ́ka sí orúkọ tó wà ní ipò oníǹkan, àti pé nípa bẹ́ẹ̀ "her" kò ní orúkọ tó ń tọ́ka sí. Ní 2003, wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò, wọ́n sì tún máàkì ṣírò.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ló kọ òfin yẹn, nítorí àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó gbámúṣé kì í tẹ̀ lé e. Nínú Yorùbá pàápàá, bí ẹnì kan bá ní "Ọgbọ́n Adé gbé e ga", kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ọgbọ́n náà gbé ga. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tó dá lórí òfin tí àwọn tó gbọ́ èdè kò fẹnu kò lé lórí kò lè wọn ìmọ̀ ẹnikẹ́ni.

Irú èyí tó sún mọ́ ilé ni:

(viii) Everybody has paid ___ fare. A. his B. their C. our D. your

Òfin àtijọ́ yóò mú "his". Ní 1850, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣe òfin pé kí ọ̀rọ̀ tó dúró fún akọ nínú ìwé òfin dúró fún abo pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lílo "they" àti "their" fún ẹyọ ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, sì fọwọ́ sí i nínú ìwé atọ́nà wọn tó jáde ní 2019. Ẹni tó bá fi A àti B sínú ìbéèrè kan náà ti fi ìdáhùn tó tọ̀nà méjì síbẹ̀. Ọmọ tó yan B tó sì pàdánù máàkì kò jẹ̀bi.

7. Ìmọ̀ràn

Ní ti ìkọ́ni, ó yẹ kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn Yorùbá, kí ó bi àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ó tó gbé ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Kí ó kọ́ wọn láti fi àmì ìdè yí gbogbo àfikún tó wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ká, kí wọ́n sì fa ìlà láti ara arọ́pò-orúkọ lọ bá orúkọ tó ń tọ́ka sí. Bí ìlà náà bá lè dé ọ̀dọ̀ orúkọ méjì, pọ́nna wà nínú gbólóhùn náà.

Ní ti ìbéèrè, kí ẹni tó ṣe é fún olùkọ́ mìíràn ní ìwé ìbéèrè náà láìfi ìdáhùn hàn án. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, kí wọ́n tún ìbéèrè náà ṣe tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ní ti máàkì, kí olùkọ́ kọ ìdí àṣìṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. "Ẹyọ ni 'one'" yóò ran ọmọ lọ́wọ́ ju ìlà pupa mẹ́wàá lọ.

8. Ìgúnlẹ̀

Ó ti hàn pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọ Yorùbá nínú ìtọ́ka àti ìbáramu ní ìdí nínú èdè tó ń sọ, pé ìdí náà lè yàtọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Òde-Omi, àti pé ìbéèrè pàápàá lè ṣàṣìṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Olùkọ́ tó bá ti wo èdè ọmọ láti òkèèrè yóò mọ ibi tí ìdánwò yóò ti gún un, yóò sì ti tọ́ ọ sọ́nà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.