Ta Ni Yóò Wẹ Ìyá? Bí A Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbà Nílé ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la ti gbọ́ òwe yìí kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ohun tí òkété yóò ṣe nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní Manchester, tó ń wẹ òkété ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe o. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó kún àwọn iṣẹ́ tí èèyàn lè torí rẹ̀ gba físà. Ní àdúgbò wa ní Ìkìrun, n kò ní í ka ilé mẹ́wàá kí n tó kan ilé tí ẹnìkan ti gba ọ̀nà náà lọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọn kò gbà kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ fún iṣẹ́ náà mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Àwọn tó ti wọlé ti wọlé. Àwọn òbí wọn ló kù sílé, a sì mọ̀ wọ́n.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì ti fẹ̀yìntì. Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ̀yìntì tí fóònù wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa yọjú sí Màmá." "Ẹ bá wa wo ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá." Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, owó ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n sì ń ná. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi lẹ́yìn ìdánwò ìpele 300, Àǹtí ní, "Ìwọ tó ò ń kọ́ èdè, wá bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kó di iṣẹ́." Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Ohun tí mo rí nídìí akọ̀wé náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń ro ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó sì ti jáde ní òbí nílé.

Orúkọ ni ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú. Kí la fẹ́ máa pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà? Bí a bá pè é ní nọ́ọ̀sì, a ti ṣẹ̀ sófin, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Nursing and Midwifery Council of Nigeria nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí wọ́n bá ń pè ní nọ́ọ̀sì ni wọn yóò sọ fún lọ́jọ́ kejì pé kó gún Bàbá lábẹ́rẹ́. Bí a bá sì pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀, aṣọ gbogbo ilé ló máa fọ̀, yóò sì tún fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Mo rò ó títí, mo rántí alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni alágbàtọ́ ń gbà tọ́. Àwọn baba wa kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń gba àgbà tọ́, bóyá nítorí pé kò wá sí wọn lọ́kàn rí pé wọn yóò gbé àgbà fún àlejò. A fẹnu kò sí "olùtọ́jú àgbà". Kò dùn lẹ́tí tó bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ ó yé gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn orúkọ la wá kọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Olùtọ́jú àgbà ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó ń rán wọn létí oògùn tí dókítà kọ, ó ń bá wọn rìn, ó ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà dégbò, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kì í gúnni lábẹ́rẹ́, kì í fa omi síni lára, kì í dín oògùn kù, kì í sì í fi kún un. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, Àǹtí fúnra wọn ló ń wẹ̀ ẹ́.

Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń ṣe é wà lójú ọ̀nà kan náà, èyí tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Òkukù sì ni ti Odò-Ọ̀tìn tí Ìníṣà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò ní òṣìṣẹ́ kan lè máa gba ọkọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò téèyàn fi ń dúró de ọkọ̀ kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀, arúgbó tó sì ti jí láago mẹ́fà kò lè máa retí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kún. Nísinsìnyí, ará Òkukù ló ń tọ́jú ará Òkukù, ará Ìníṣà ló ń tọ́jú ará Ìníṣà. Ìmọ̀ràn kan tí mo bá ní fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun nìyẹn: wá òṣìṣẹ́ sí ìtòsí arúgbó kó o tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá kan ní Ìníṣà. Ẹ mọ̀ pé Gáná ni ọ̀pọ̀ ará Ìníṣà ti ṣòwò rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Kùmásì ni Bàbá yìí dàgbà sí. Ìṣarán ti ń bá wọn jà, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn a máa pe "nsuo, nsuo", inú a sì máa bí wọn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn rò pé wọ́n kàn ń sọ kántankàntan ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé "Bàbá ń ráhùn". Èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní omi ni. Òǹgbẹ ló ń gbẹ Bàbá, èdè Twi ni wọ́n sì fi ń tọrọ omi láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn ni fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba orúkọ arúgbó ti ní ìbéèrè yìí: èdè wo ni wọ́n ti sọ rí, ìlú wo ni wọ́n ti gbé, kí ni wọ́n ń pe omi, oúnjẹ, ìrora níbẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní ìmọ̀ èdè àti àwùjọ, ẹ ṣé o.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, tèmi gan-an ni. Nígbà tí mo ń ṣe ìwé tí àwọn olùtọ́jú ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́, mo fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún àgbà. N kò fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún máa kọ "ìgbẹ́" síwájú orúkọ ìyá olóyè. Mo fi àdàpè sí i: "Ìgbà mélòó ni wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé?" Ní ọjọ́ kan, olùtọ́jú kan ní Òkukù kọ "ìgbà mẹ́fà". Àǹtí rí i lórí fóònù lọ́sàn-án, wọ́n rò pé ìtọ̀ ni, nítorí alátọ̀gbẹ a máa tọ̀ léraléra. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnu Màmá ti gbẹ, wọn kò dáhùn dáadáa mọ́. Kẹ̀kẹ́ la fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ kí ara wọn tó padà bọ̀ sípò. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Èmi ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré tí mo tijú láti kọ ló fẹ́ gba ẹ̀mí ìyá olómọ. Àdàpè olè ní í jẹ́ ọmọ ń fẹ́wọ́, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àdàpè tèmi kò pani lẹ́rìn-ín rárá. Nínú ìwé báyìí, ìtọ̀ wà lọ́tọ̀, ìgbẹ́ wà lọ́tọ̀, bó ṣe rí náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́nu, olùtọ́jú ṣì lè sọ pé "Ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé, mà."

Ó kan owó. Ẹ gbé ìwé jáde kí ẹ bá mi ṣírò, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe wákàtí 48 lọ́sẹ̀, arúgbó kan tó nílò ẹnìkan tọ̀sán-tòru yóò gba òṣìṣẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Lóòótọ́, òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ní àwọn kò ní í gba ọ̀nà yẹn. Mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ́nà 70,000 jẹ́ 245,000 náírà lóṣù, kí a tó ra ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti kírẹ́díìtì fóònù. Bí a bá sọ iye yìí, àwọn ọmọ a ní, "Ẹ kúkú wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa sùn síbẹ̀." Àǹtí a béèrè pé: ẹni tó ń yí Ìyá padà ní wákàtí méjì-méjì lóru, ìgbà wo ni òun alára yóò sùn? Ohun tí a wá ń ṣe ni àbẹ̀wò, wákàtí méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 120 lóṣù, ọ̀pọ̀ ìdílé sì lè san án. Ẹni tó bá nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń sọ fún wọn pé agbára wa kò tíì tó o.

Ẹni tí yóò san án tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdílé kan wà tí ọmọ mẹ́rin ń dá owó jọ láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oṣù méjì kọjá, owó kò wọlé. Oníkálukú rò pé ẹnìkejì ti san. Àǹtí kò lè dẹ́kun lílọ, nítorí Màmá kò mọ̀ sí i. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi san olùtọ́jú. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nísinsìnyí, owó oṣù a sì ti wọlé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwé ìjọba, ọ̀dọ̀ CAC la ti forúkọ sílẹ̀. Orúkọ òwò lásán rọrùn, ṣùgbọ́n gbèsè òwò náà gbèsè rẹ ni. Òfin CAMA ti ọdún 2020 ti jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo lè dá ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, ibẹ̀ ni Àǹtí sì ń wò. Kí ẹ rántí pé ìwé CAC kò sọ pé o mọ èèyàn wẹ̀. Ní England, ẹni tó bá fẹ́ máa rán òṣìṣẹ́ lọ wẹ arúgbó nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission, tí í máa ń wá yẹ iṣẹ́ wò. Bí iṣẹ́ tìrẹ bá fẹ́ kọjá wíwẹ̀ àti bíbọ́ dé ìṣègùn, ọ̀dọ̀ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ìpínlẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ lọ béèrè. Òfin iṣẹ́ sì ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé àdéhùn kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ má sì gbé fọ́tò arúgbó sórí WhatsApp láti fi polówó: òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ààbò pàtàkì.

Ṣùgbọ́n o lè ní gbogbo ìwé wọ̀nyí kí arúgbó ṣì lé ọ jáde. Ìyá kan ní Ìkìrun, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún, ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo bímọ mẹ́rin, ẹ wá ń fi àlejò wẹ̀ mí. Ṣé mo yàgàn ni?" Àwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù, Ìyá kò dáhùn. Àǹtí kò bá wọn jiyàn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n béèrè agbo ilé Ìyá, wọ́n sì jẹ́ kí Ìyá ki ara wọn títí wọ́n fi sunkún. Ọmọbìnrin tí a mú wá kò fọwọ́ kan omi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ń wá jókòó, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ń jẹ́ kí Ìyá bá a wí pé kò mọ ẹ̀fọ́ ṣà. Ní ọjọ́ kẹjọ, Ìyá fúnra wọn ní, "Lọ gbé kànrìnkàn wá." Wọn kì í pè é ní olùtọ́jú títí di òní, "ọmọ yìí" ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá kò tà lọ́dọ̀ Ìyá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan pè láti Houston nítorí bàbá rẹ̀ ní Ìjàbẹ̀. Àǹtí ní kò tíì sí olùtọ́jú tó ń gbé níbẹ̀, àwọn kò sì ní í gba owó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní òun yóò san ìlọ́po méjì. Wọ́n ní kó fún wọn ní oṣù kan. Bí mo bá ti parí orí kẹta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, Ìjàbẹ̀ ni mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé láti lọ wádìí ẹni tó lè ṣe é.