Ṣé O Mọ̀? Àpótí Pàjáwìrì fún Ẹja Inú Gíláàsì

Agogo méjì òru ni, ní Sùúrùlérè. Nẹ́pà ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, oorun sì ti gbé gbogbo ilé lọ. Nínú pálọ̀, pọ́ńpù kékeré tó ń tu ìfóófòó sínú akuéríọ̀mù ti dákẹ́ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó fura, àfi ẹja. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń gbé ẹnu sójú omi, ó ń jà fún èémí.

Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tó bá ń sin ẹja ní Yábàá, ní Múṣin tàbí ní Sùúrùlérè, ó yẹ kó ní àpótí pàjáwìrì tí yóò ṣí lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi ló máa kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó wúlò jù wà ní ilé ìdáná, ní ọjà, àti lábẹ́ igi àgbàlá. Ẹ jẹ́ ká wo ìyanu tó wà nídìí wọn.

Ṣé o mọ̀ pé bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dín kù? Lítà omi kan tó wà ní ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà Sẹ́lsíọ́ọ̀sì lè gba ọ́síjìn mílígíráàmù 9 ó lé díẹ̀. Bí omi yìí kan náà bá gbóná dé 30, kò ní gbà ju nǹkan bí 7.5 lọ. L'Ékòó, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi akuéríọ̀mù ń sún mọ́ 30 láìsí ẹni tó dáná sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja tó gbóná ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí pọ́ńpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì kọ́kọ́ wọ inú àpótí, pẹ̀lú bátìrì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, fi abọ́ máa bu omi inú gíláàsì, kí o sì máa dà á padà láti òkè. Ojú omi tó ń rú ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Má sì fún ẹja lóúnjẹ títí iná yóò fi dé, nítorí ẹja tó yó ń lo ọ́síjìn ju èyí tí inú rẹ̀ ṣófo lọ.

Ṣé o mọ ohun tó mú kí àrọ̀ lè wà láàyè nínú ọpọ́n àwọn ìyá ẹlẹ́ja, nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀? Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, tó pẹ̀ka bí igi kékeré, tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Goldfish kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí goldfish rẹ bá dúró sójú omi tí kò kúrò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣí tó ń padé kíákíá, má ṣe bí àlejò tó ń sọ pé ebi ló ń pa á. Èémí ló ń wá.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ẹja fi ń mí náà ló fi ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú oró ara rẹ̀ jáde? Ammonia ni oró ọ̀hún. Nínú ọ̀sà Èkó, omi ń gbé e lọ. Nínú gíláàsì, ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí, tí ẹja sì ń mí in padà. Ohun tó ń gba ẹja là ni bakitéríà tí ojú kò lè rí, èyí tó ń gbé nínú fílítà àti lára òkúta ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí 1890, Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n: àwọn kan ń sọ ammonia di nitrite, àwọn kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó méjì àkọ́kọ́. Nínú akuéríọ̀mù tuntun, ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ibí yìí ni sùúrù ti lérè lóòótọ́. Ẹni tó ra gíláàsì lónìí, tó kó ẹja mẹ́wàá sí i lọ́la, ti di ẹrù tó ju agbára bakitéríà wọ̀nyí lọ lé wọn lórí.

Nítorí náà, ohun kejì nínú àpótí ni ohun ìdánwò omi, èyí tó ń fi àwọ̀ sọ bí ammonia àti nitrite ṣe pọ̀ tó. Bó bá ti fi ewu hàn, pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà títí dé ìdajì rẹ̀. Omi tuntun tó mọ́ ni oògùn àkọ́kọ́ fún ẹja, kò sí oògùn inú ìgò tó bá a dọ́gba. Bó o bá sì fẹ́ fọ fílítà, omi tó o bù jáde láti inú gíláàsì ni kó o fi fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine lè pa àwọn òṣìṣẹ́ kékeré inú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹja lè di àwọ̀ ṣokoléètì? Nitrite ló ń ṣe é. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́, ẹja yóò sì máa mí hẹlẹ nínú omi tí atẹ́gùn kún. Ohun tó ń dènà rẹ̀ wà nínú ìgò iyọ̀ ilé rẹ. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni nitrite àti chloride, tó wà nínú iyọ̀, ń gbà wọ inú ẹja. Ro bí èrò ṣe ń rọ́ lu ẹnu ọ̀nà dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba: bí chloride bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nitrite kò ní ráàyè wọlé. Rọ́bà pẹ́ńtì, tó ń gba omi lítà 4, ni ìwọ̀n tí gbogbo wa mọ̀. Síbí tíì iyọ̀ kan tí kò kún bò, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 6, tó fún omi rọ́bà pẹ́ńtì kan. Kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú abọ́, kó o wá máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Áyódínì inú iyọ̀ ilé kéré débi pé kò ní pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n rántí pé omi ń fà lọ sókè, iyọ̀ kì í fà. Bó o bá ń fi omi dí èyí tó fà, má tún fi iyọ̀ kún un.

Ṣé o mọ̀ pé ẹja odò kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi? Ara rẹ̀ níyọ̀ ju omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi ń wọlé sí i lára fúnra rẹ̀, tọ̀sán tòru. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń gbọ́n ọn jáde, bí ọlọ́kọ̀ Màkókó ṣe ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó ń jò. Bí ẹja bá fara gbọgbẹ́, ọkọ̀ náà ń jò sí i nìyẹn. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi ń dín iṣẹ́ gbígbọ́n kù, ẹja á sì rí okun fi wo ara rẹ̀ sàn.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo lè gba ẹja là ní ìlú kan, kó pa á ní òmíràn? Àwọn àgbà asinẹja nílẹ̀ òkèèrè máa ń sọ pé kí a fi “hypo” sínú omi ẹ̀rọ. Sodium thiosulphate ni wọ́n ń sọ, òkúta funfun tí àwọn ayàwòrán fi ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́. Ó ń pa chlorine inú omi lójú ẹsẹ̀. Ní Nàìjíríà, Hypo ni omi ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun, chlorine gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdérí ìgò Hypo yìí kan ṣoṣo lè pa gbogbo ẹja inú gíláàsì. Kọ orúkọ tó pé sára ìgò tó o bá fi sínú àpótí. Bí kò bá sí thiosulphate, pọn omi sílẹ̀ nínú bókẹ́ẹ̀tì láìdé e fún ọjọ́ kan, kí o sì ki pọ́ńpù bọ̀ ọ́. Omi bòhóòlù kì í sábà ní chlorine, ṣùgbọ́n òun náà nílò irú ìsinmi yìí, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ kéré nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn ẹja kan ti wo ibà sàn lára èèyàn rí? Methylene blue ni. Ọdún 1876 ni wọ́n ṣe é ní Jámánì, láti fi pa aṣọ láró. Ní 1891, Paul Ehrlich àti Paul Guttmann fún aláìsàn ibà méjì ní aró yìí lò, ara wọn sì yá. Lónìí, asinẹja ń fi ta olú ara ẹyin ẹja dànù, ó sì ń ran ẹja tí nitrite bà lẹ́jẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Inú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni kó o ti lò ó, torí ó ń pa bakitéríà rere, kì í sì í kúrò lára aṣọ.

Ṣé o mọ̀ pé ewé tí à ń gbá dà sí ààtàn ní Yábàá, owó ni wọ́n fi ń rà á ní Yúróòpù? Ewé igi fúrúùtù ni, igi tí ọmọdé ń sọ lókò nítorí èso rẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹja betta ní Tháílándì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá gbẹ di pupa rúsúrúsú, tí a sì rẹ ẹ́ sínú omi, á sọ omi di àwọ̀ tíì, á mú un kan díẹ̀, á sì máa bá àwọn kòkòrò àrùn kan jà. Irú omi bẹ́ẹ̀ bá Pelvicachromis pulcher lára mu, ẹja kékeré oníkùn àlùkò tó gbajúmọ̀ nínú akuéríọ̀mù káàkiri ayé. Ọmọ ilẹ̀ wa ni: láti odò Ethiope, ní gúúsù Nàìjíríà, ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1901. Ewé tó já fúnra rẹ̀ ni kó o ṣà, níbi tó jìnnà sí èéfín títì àti oògùn apakòkòrò. Fọ̀ ọ́, sá a gbẹ, tọ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àmì funfun tó ń bo ẹja, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i lára, oògùn kì í ran wọ́n níbi tí wọ́n wà yẹn? Ich ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ awọ ẹja ni kòkòrò rẹ̀ fara pamọ́ sí. Bó bá yó, á já bọ́ sísàlẹ̀, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ náà á sì lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn lọ. Ìgbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yìí nìkan ni oògùn lè pa wọ́n. Nítorí náà, má dáwọ́ ìtọ́jú dúró lọ́jọ́ tí àmì bá ká kúrò. Bókẹ́ẹ̀tì àtìmọ́lé ló dára jù: ẹja tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ pàdé kó tó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kápúsù tetracycline tí àwọn kan ń tú sínú omi lè ba nǹkan jẹ́ ju àìsàn lọ? Ó lè pa bakitéríà fílítà, ammonia á sì gòkè. Kòkòrò àrùn tó bá yè é á kọ́ bí a ṣe ń borí oògùn, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sì nìyẹn. Jẹ́ kí dókítà ẹranko sọ irú èyí. Má fi sínú àpótí.

Ṣé o mọ̀ pé kànáfùrù ń kun ẹja lóorun? Eugenol inú òróró rẹ̀, tó ń pa eyín ríro, ni àwọn dókítà ẹja fi ń mú ẹja sùn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ abẹ fún ẹja kì í sì í ṣe àlọ́. Ní 2014, ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wọ́n kun goldfish kan tó ń jẹ́ George lóorun, wọ́n gé kókó ńlá kúrò ní orí rẹ̀, ó sì padà sínú omi láàyè.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń mú ẹja yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni aṣọ ogun rẹ̀? Nǹkan tó ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ ń bó o. Fi omi rin ọwọ́ rẹ àti àwọ̀n kó o tó mú ẹja, kí àwọ̀n náà sì jẹ́ èyí tó rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹja náà lè kó àrùn ran ọ? Mycobacterium marinum, tó jẹ́ ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wà nínú omi akuéríọ̀mù míì. Ara òkú ẹja ní Philadelphia ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1926. Ojú ọgbẹ́ ọwọ́ ló ń gbà wọlé, tí á di egbò tí kì í jiná bọ̀rọ̀. Fi ìbọ̀wọ́ sínú àpótí. Má sì fi ẹnu fa omi inú rọ́bà bí ẹni tó ń fa bẹntiróòlù.

Ó wá ku ká di àpótí. Wá ike onídèérí kan. Kó pọ́ńpù oníbátìrì, ohun ìdánwò omi, tẹmómítà, iyọ̀ inú ìgò pẹ̀lú síbí tirẹ̀, thiosulphate, methylene blue, ewé fúrúùtù, àwọ̀n rírọ̀, síríńjì tí a fi ń wọn oògùn, ìbọ̀wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì sí i. Gbé e sínú bókẹ́ẹ̀tì tí ọṣẹ kò kàn rí. Lẹ́yìn náà, fi sẹ̀ǹtímítà wọn gíláàsì rẹ: sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kó o fi 1,000 pín in. Èyí tó jẹ́ 60 lọ́nà 30 lọ́nà 30 ń gba lítà 54, ìyẹn rọ́bà pẹ́ńtì 13 àti ààbọ̀. Kọ iye yìí sára ìdérí gàgàrà, torí oògùn tó pọ̀ jù ń pa ẹja bí àìsàn ṣe ń pa á.

Omi ò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Ṣùgbọ́n bí omi bá di ọ̀tá ẹja inú gíláàsì, kò ní odò mìíràn tó lè sá lọ. Gbé àpótí náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ lè bà nínú òkùnkùn. Bí nẹ́pà bá tún mú iná lọ lágogo méjì òru, dìde, kó o tan pọ́ńpù náà.