Àwọn Obìnrin Wajir: Bí Ọjà Ṣe Bí Àlàáfíà

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Wajir, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà, inú ọjà gan-an ni orí ọmọ ti wọ́, àwọn ìyá ọmọ ni wọ́n sì tún un ṣe.

Sòmálí ni púpọ̀ jù nínú ará ibẹ̀, darandaran tó pín sí ìran Ajuran, Degodia àti Ogaden. Ọ̀dá pa ẹran wọn lọ rẹpẹtẹ, ìjà koríko àti omi wá le sí i. Ìjọba Sòmálíà tún wó ní 1991, ìbọn sì ń gba ẹnu ibodè wọlé. Ẹ má rò pé ọkùnrin nìkan ló ń jà o. Obìnrin ìran kan kì í fẹ́ tajà fún ti ìran kejì. Àwa tí a dàgbà ní Òkè Ọya mọ irú rẹ̀: kí ìbọn tó dún, ọjà ti sọ fún ni.

Lóru ọjọ́ kan, Dekha Ibrahim Abdi àti ọmọ rẹ̀ sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ọta ìbọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé bí òun náà ṣe fi í pamọ́ nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Ìyẹn ló ká a lára. Òun àti àwọn obìnrin díẹ̀, wọn kò tó méjìlá, ṣèpàdé, wọ́n ní ọjà ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yan obìnrin láti ìran gbogbo láti máa ṣọ́ ọjà lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìran bú ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ kékeré kan á sáré dá sí i kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé.

Ọjà rọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ń dún nínú igbó. Ta ni yóò wá bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀? Ọgbọ́n tí wọ́n dá níbí wù wá púpọ̀: àgbà kan láti inú ìran tó kéré jù, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù, ni wọ́n bẹ̀ kó ṣáájú. Ní 1993, àwọn àgbà fọwọ́ sí àdéhùn Al-Fatah. Wọ́n tún wá àwọn ọ̀dọ́ rí, àti àwọn oníṣòwò tó lè fún wọn níṣẹ́. Ní 1995, gbogbo rẹ̀ di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìjọba.

Dekha gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2007. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò ọdún náà, irú ìgbìmọ̀ Wajir tàn káàkiri Kẹ́ńyà. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 2011. Ní 2014, Garre àti Degodia tún kọjú ìjà síra wọn ní agbègbè náà.