Wàrà àti Mílíìkì Tí A Fẹ́ Kó Pẹ́ Nílé

Omi ló ń mú kí wàrà tètè bàjẹ́, nítorí inú omi ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí wàrà pẹ́ nílé, omi ni yóò kọ́kọ́ bá jà.

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń fi oje ewé bọmubọmu mú wàrà dì lórí iná mọ èyí dájú. Bí wàrà bá wà nínú omi rẹ̀, ní ọjọ́ 2 tàbí 3 ó ti ń kan. Èyí tí wọn kò bá rí tà, wọn a tún un sè, tàbí kí wọ́n dín in. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgáṣì, wọn a fi pòròpórò ọkà bàbà pupa sè é, wọn a sì tún sá a sóòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ wu ojú, ṣùgbọ́n ní tèmi, iná àti oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mílíìkì oníyẹ̀fun ńkọ́? Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá kù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa ba ọ̀rá jẹ́ títí yóò fi máa rùn. Ìdí nìyí tí èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ fi ń pẹ́ jù. Ẹ má ṣe wá tìtorí pé ó ń pẹ́ fi bọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2. Ọ̀rá yẹn gan-an ni ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ láti dàgbà. Ṣíbí tó lómi lára, tí a kì bọ inú agolo, ti tún mú omi tí a lé jáde wọlé. Bí a bá sì ti po mílíìkì náà, ó ti di wàrà tútù nìyẹn: kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìsí fíríìjì.